Ohùn Ẹni Tí A Ṣẹ̀ Níwájú Adájọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Hissène Habré

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní: "Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni." Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni í rò pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn nìkan ni òwe yìí ń gbèjà, pé a kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n òwe náà ní apá kejì tí a kì í sábà kíyèsí. Ẹni tí a ṣẹ̀ pẹ̀lú ní ẹnu, ó sì ní ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn ún nínú. Bí ilé-ẹjọ́ bá gbọ́ ti ìjọba tí ó pe ẹjọ́, tí ó gbọ́ ti ẹni tí ó ń jẹ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n tí kò bi ẹni tí ojú rẹ̀ rí màbo léèrè pé, "Kí ni ọ̀ràn yìí sọ ọ́ dà?", a jẹ́ pé ẹjọ́ náà kò tíì pé.

Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni ó ni ẹjọ́ ọ̀ràn. Bí olè bá fọ́ ilé ẹnìkan, tàbí bí apànìyàn bá pa ọmọ ẹnìkan, orúkọ ìjọba ni a fi í pe ẹjọ́. Ẹni tí a jà lólè àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kò ju ẹlẹ́rìí lọ, bí a bá tilẹ̀ pè wọ́n rárá. Ohun tí lọ́yà bá bi wọ́n ni wọn yóò dáhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ bí oorun ti dá lójú wọn láti ọjọ́ náà, tàbí bí òwò wọn ti bàjẹ́, a óò ní kí wọ́n dákẹ́, pé kì í ṣe ohun tí a bi wọ́n nìyẹn. Nígbà tí ìdájọ́ bá parí, wọn a padà sí ilé bí ẹni tí ó lọ wo ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ayé ń là sí àìpé yìí. Ní ọdún 1963 ni ilẹ̀ New Zealand ṣe òfin pé kí ìjọba máa san owó ìtùnú fún ẹni tí ọ̀daràn bá ṣe léṣe. Ní ọdún 1976, ní àgbègbè Fresno ní ìpínlẹ̀ California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbésẹ̀ mìíràn tún wáyé. Ìwé ìwádìí tí a ń fi ránṣẹ́ sí adájọ́ kí ó tó pinnu ìyà a máa kún fún ọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́bi: bí a ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti dá tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, James Rowland, ni ó mú un wá pé kí ọ̀rọ̀ ẹni tí a ṣẹ̀ pẹ̀lú máa wà nínú rẹ̀, kí adájọ́ lè mọ ohun tí ìwà ọ̀daràn náà fà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi ẹnu kò pé ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ èrò ọkàn rẹ̀ nígbà tí ó bá tọ́ nínú ẹjọ́ tí ó kàn án, kí a sì gbà á yẹ̀ wò, láìjẹ́ pé a ré ẹ̀tọ́ ẹni tí ń jẹ́ ẹjọ́ kọjá.

Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun kan ni. Kí ó rí ẹnu sọ ọ́, ohun mìíràn ni. Ẹ̀rù lè máa bà á. Ojú lè máa tì í. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ èdè tí a ń sọ ní ilé-ẹjọ́, pé kò ní owó ọkọ̀, tàbí pé ọjọ́ ti pẹ́ débi tí ó ti rò pé kò sí ẹni tí ó tún bìkítà. Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́? Ìtàn kan wà tí ó dáhùn ìbéèrè yìí, kò sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ní orílẹ̀-èdè Chad tí ó bá wa pààlà níbi adágún ńlá nì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìlú Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó sì parí sí. Ó tilẹ̀ gba Àbújá tiwa kọjá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1982 ni Hissène Habré fi ìbọn gba ìjọba ní N'Djamena, olú-ìlú Chad. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò lórí oyè. Nítorí pé ọ̀tá Gaddafi, olórí ilẹ̀ Líbíà, ni í ṣe, Amẹ́ríkà àti Faransé ń ràn án lọ́wọ́. Habré dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá inú kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí DDS, lábẹ́ àṣẹ òun tìkára rẹ̀ sì ni ó wà. Iṣẹ́ wọn ni láti mú ẹnikẹ́ni tí a bá fura sí. Ní ọdún 1984 ìyà ńlá jẹ àwọn ará gúúsù Chad; ní ọdún 1987 ó kan ẹ̀yà Hadjarai; ní ọdún 1989 ó kan ẹ̀yà Zaghawa. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà ní N'Djamena láti ayé ìjọba Faransé. Wọ́n fi kọnkéré bò ó lórí, wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n a so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn pọ̀ sẹ́yìn títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè rìn nínú iṣan rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Chad yàn gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1992, ó fi ojú bù ú pé ó tó 40,000 ènìyàn tí wọ́n kú lábẹ́ ìjọba náà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a gbé sí ẹ̀wọ̀n ni Souleymane Guengueng. Kì í ṣe ọmọ ogun, kì í sì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé ìṣirò owó ni ní ibi iṣẹ́ Àjọ Adágún Chad, àjọ tí Nàìjíríà, Niger, Kamẹrúùnù àti Chad jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988 ni wọ́n mú un, wọ́n ní ó ń ran àwọn alátakò ìjọba lọ́wọ́. Ó lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ó rí i bí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé bí òun bá jáde láàyè, òun yóò jà kí a lè ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1990, Idriss Déby gba ìjọba lọ́wọ́ Habré, ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ṣí. Habré sá gba Kamẹrúùnù lọ sí Dakar, ó sì ń gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Guengueng padà sí ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí a máa fẹ́ gbàgbé. Wọ́n a ní kí Ọlọ́run dájọ́. Guengueng kò gbàgbé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí a jẹ ní ìyà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tí ó yè àti àwọn opó. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí a bá lù títí tí a sì ní kí ó má sọ̀rọ̀, kò rọrùn kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rí i pé ẹni tí ó jókòó níwájú òun pẹ̀lú ìwé àti kálámù ti jẹ irú ìyà kan náà, ọkàn rẹ̀ a rọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kó ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn 792 jọ. Akọ̀wé owó mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò lè pé; ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni ó lò fún ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ewu fi dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá inú Habré ni ìjọba tuntun tún gbà sí iṣẹ́, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ọ̀ràn náà lẹ́sẹ̀. Guengueng kó àwọn ìwé náà pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ìwé wà níbẹ̀, kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó bèèrè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti sun wọ́n nítorí ẹ̀rù, ta ni ìbá bá a wí? Ṣùgbọ́n kò sun wọ́n.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni a mú Augusto Pinochet, ẹni tí ó ti ṣe olórí ilẹ̀ Chile, ní ìlú London, nítorí ìwà ìkà tí a hù nígbà ìjọba rẹ̀. Àwọn ará Chad gbọ́, wọ́n sì bi ara wọn pé: bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Pinochet, kí ni ṣe tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀ fún Habré? Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Chad ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní òkè òkun, ìgbà náà ni ìwé tí Guengueng fi pamọ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, méje nínú àwọn tí a jẹ ní ìyà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, gbé ẹjọ́ lọ sí Dakar. Ní oṣù kejì, adájọ́ kan níbẹ̀ fi ẹ̀sùn kan Habré.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Kí ọdún náà tó parí, ilé-ẹjọ́ mìíràn ní Dakar fagi lé ẹ̀sùn náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù sọ pé àwọn adájọ́ Sẹ̀nẹ̀gàl kò ní àṣẹ lórí ọ̀ràn tí a dá ní òkèèrè. Àwọn olùpẹjọ́ kò jókòó. Àwọn kan nínú wọn gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001 kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Human Rights Watch wọ ilé tí DDS ti fi sílẹ̀ ní N'Djamena, wọ́n sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ó fọ́nká sílẹ̀, eruku sì ti bò wọ́n. Orúkọ àwọn tí a mú, ọjọ́ tí a mú wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n kú wà nínú wọn. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò wọn, a rí orúkọ ènìyàn 1,208 tí ó kú ní àtìmọ́lé. Àwọn òṣìkà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ẹ̀rí tí yóò bá ẹnu àwọn tí wọ́n jẹ ní ìyà mu. Aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà.

Obìnrin kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú ìtàn yìí: Jacqueline Moudeina, ọmọ Chad, lọ́yà tí ó ṣe aṣáájú àwọn agbẹjọ́rò fún àwọn tí a ṣẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, níbi tí àwọn obìnrin kóra jọ sí ní N'Djamena láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ọlọ́pàá ju àdó olóró, ó sì ṣe é léṣe gidigidi ní ẹsẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní òkè òkun. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ní ọdún 2005 Bẹ́ljíọ̀mù ní kí a fa Habré lé òun lọ́wọ́. Sẹ̀nẹ̀gàl kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sọ pé kí Sẹ̀nẹ̀gàl gbọ́ ẹjọ́ náà ní orúkọ gbogbo Áfíríkà. Habré gba Àbújá lọ, sí ilé-ẹjọ́ àjọ ECOWAS. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ náà dá a pé ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan, tí ó ní ìwà àgbáyé, ni ó lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague pàṣẹ pé kí Sẹ̀nẹ̀gàl gbọ́ ẹjọ́ náà láìfi falẹ̀ mọ́, tàbí kí ó fa Habré lé ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, Sẹ̀nẹ̀gàl àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ ní Dakar, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2013. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà ni a mú Habré.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí àwa tí a wà lábẹ́ òfin àtọwọ́dọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kíyèsí nǹkan kan. Nínú òfin àwọn tí Faransé ṣe àkóso wọn rí, ẹni tí a ṣẹ̀ lè dúró nínú ẹjọ́ ọ̀ràn ní ìdúró tirẹ̀, kì í ṣe bí ẹlẹ́rìí nìkan. Ó lè ní agbẹjọ́rò tirẹ̀. Agbẹjọ́rò náà lè bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ó sì lè bèèrè owó fún ohun tí ó pàdánù. Ilé-ẹjọ́ Dakar tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Àwọn tí a jẹ ní ìyà tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ láti dúró bẹ́ẹ̀ ju 4,000 lọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2015 ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ mẹ́ta. Olórí wọn ni Gberdao Gustave Kam, ọmọ ilẹ̀ Burkina Faso. Habré kọ̀, ó ní òun kò mọ ilé-ẹjọ́ náà rí, àwọn lọ́yà rẹ̀ kò sì yọjú. Ilé-ẹjọ́ kò torí èyí dá a lẹ́bi lọ́sàn-án kan. Ó yan lọ́yà mẹ́ta fún un, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 45 láti ka ìwé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n padà jókòó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, ńṣe ni àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé Habré wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó jókòó nínú aṣọ funfun, láwàní ní orí, awò dúdú ní ojú, kò sì sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ti pa lẹ́nu mọ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí 93 ni ilé-ẹjọ́ gbọ́. Láti N'Djamena dé Dakar ju 3,000 kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá jẹ́rìí kò gbọ́ Faransé dáradára, ògbufọ̀ ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Clément Abaifouta, ẹni tí ó wá di olórí ẹgbẹ́ wọn, sọ bí a ti fi ipá mú òun láti máa sin òkú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ òun. Guengueng náà dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ọkùnrin tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú òkùnkùn ẹ̀wọ̀n dúró ní ojúmọmọ níwájú ẹni tí ó fi í sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn obìnrin kan wá tí a kó lọ sí àgọ́ ọmọ ogun ní aṣálẹ̀ àríwá ní ọdún 1988, tí àwọn ọmọ ogun sọ di ẹrú fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ju ọdún 25 lọ tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan nìkan ni irú àwọn ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ mú wá. Wọ́n mú ara tí kò sàn mọ́ wá, àti ìtìjú tí ó bá wọn wọ inú ilé, àti ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó dàgbà láìmọ baba.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ dá Habré lẹ́bi ìwà ìkà sí ọmọ ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ogun, àti ìdálóró. Ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn opó àti àwọn tí ó yè bú sí ẹkún ayọ̀ nínú ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2017, ó fi ọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére náà, ó sì pàṣẹ pé kí a san nǹkan bíi bílíọ̀nù 82 owó franc CFA fún ènìyàn 7,396 tí a dá orúkọ wọn mọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìdájọ́ kejì yìí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ran ẹni tí a ṣẹ̀ lọ́wọ́ fi sí ọkàn. Obìnrin kan ti jẹ́rìí pé Habré fúnra rẹ̀ fi ipá bá òun lò pọ̀. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà á gbọ́, ó sì dá Habré lẹ́bi rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mú ẹ̀bi ọ̀kan yìí kúrò. Kì í ṣe pé wọ́n pe obìnrin náà ní òpùrọ́. Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí ó tó jáde, kò sì sí nínú ìwé ẹ̀sùn tí a fi gbé ẹjọ́ wá. Ìtìjú ni ó dá ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé, ilẹ̀kùn kan ti tì. Bí a bá ń wádìí lẹ́nu àwọn tí a ṣẹ̀, tí a kò sì fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ ṣí ọ̀nà fún ohun tí ojú ń tì wọ́n láti sọ, ìpalára tí ó jinlẹ̀ jù ni yóò ṣẹ́kù sí ìta ìwé.

Àwọn kan ń bèèrè pé ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹkún ẹni tí a ṣẹ̀ wọ etí adájọ́ rárá? Ìbéèrè tí ó ní láárí ni. Ní ọdún 1987, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú ẹjọ́ tí ikú jẹ́ ìyà rẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, nítorí ó lè jẹ́ pé ọgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ ni yóò pinnu ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò yè. Ní ọdún 1991 ilé-ẹjọ́ kan náà yí ọ̀rọ̀ padà: ó ní bí a bá jẹ́ kí ẹlẹ́bi mú gbogbo ohun rere nípa ara rẹ̀ wá, kò yẹ kí ẹni tí ó kú wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò ní orúkọ. Ní tèmi, ẹjọ́ Dakar fi ọ̀nà tí ó tọ́ hàn wá. Àwọn adájọ́ gbọ́ omijé, wọ́n sì tún wo ìwé DDS. Wọ́n fún olùjẹ́jọ́ ní lọ́yà nígbà tí òun tìkára rẹ̀ kò fẹ́. Nígbà tí òfin kò sì ti ẹ̀sùn kan lẹ́yìn, wọ́n mú un kúrò. Fífi etí sí ẹni tí a ṣẹ̀ kò sọ ilé-ẹjọ́ di ibi ìgbẹ̀san.

A kò sì gbọdọ̀ fi oyin sí ìtàn náà lẹ́nu ju bí ó ti yẹ lọ. Habré kú ní Dakar ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Owó tí ilé-ẹjọ́ dá kò tètè dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i kú kí wọ́n tó rí kọ́bọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ìjọba Chad bẹ̀rẹ̀ sí í pín bílíọ̀nù 10 franc CFA fún wọn, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí ohun tí a dá.

Àwa náà ní Nàìjíríà ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1999 ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí Chukwudifu Oputa, adájọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alága rẹ̀, láti wádìí bí a ti tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú lábẹ́ ìjọba àwọn ọmọ ogun. A gbé e sí orí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ yìí gbọ́ bí àwọn tí a jẹ ní ìyà ti ń sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí ni, kì í ṣe ilé-ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì di ìdájọ́. Ní ọdún 2015 ni a ṣe òfin tuntun fún ẹjọ́ ọ̀ràn ní àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà gan-an ni a ti dárúkọ ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn. Ó ní kí adájọ́ ro ire ẹni tí a ṣẹ̀ nígbà tí ó bá ń pinnu ìyà. Ó fún un ní àṣẹ láti ní kí ẹlẹ́bi san owó gbà-má-bínú. Ó sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí kan, bí àwọn tí a fi ipá bá lò pọ̀, lè sọ̀rọ̀ níbi tí gbogbo ayé kò ti ní máa wò wọ́n. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ẹni tí yóò mú àwọn ènìyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn ni ó kù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù wá lọ. Nígbà púpọ̀, olùkọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ tí a ṣe níbi máa ń sọ fún, tàbí tí ó máa ń rí i pé ọmọ kan tí ó máa ń ṣeré ti di ẹni tí ń dá jókòó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá la ẹnu, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ má ṣe mú un tún un sọ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ mú un lọ́jọ́ náà gan-an tọ àwọn tí òfin yàn fún irú rẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa bá ọmọ náà rìn títí dé òpin. Ìwé kékeré tí ẹ bá kọ lónìí lè jẹ́ ohun tí adájọ́ yóò kà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọdún 25 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n N'Djamena ṣí àti ọjọ́ tí Guengueng dúró níwájú adájọ́ ní Dakar. Òtítọ́ lé irọ́ bá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò dá rìn. Akọ̀wé owó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáradára mọ́ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a gbé e, obìnrin tí a ṣe léṣe ní ẹsẹ̀ sì bá wọn gbé e dé ilé-ẹjọ́.